Ẹni Tó Bá Màmá Déọlá Ru Omi

Ní Ongar, àdúgbò kan ní Dublin níbi tí Tẹjúmádé ń gbé, ekukáká lẹ fi máa rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ní Tẹjúmádé. Màmá Déọlá ni tọmọdé tàgbà ń pè é, àti ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ Ireland, títí kan dírẹ́bà bọ́ọ̀sì tó máa ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó ti ń wẹ̀ fún ìyá àti bàbá àwọn ẹlòmíràn láti ọjọ́ pípẹ́. Orúkọ náà sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Déọlá ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ó gbé e wá sí Dublin lọ́dún 2001, nígbà tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́ta, tí bàbá rẹ̀ sì ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Bàbá ò wá. Ìbàdàn ló jókòó sí, ó fẹ́ ìyàwó mìíràn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sì parí síbẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé yín, ẹ ní láti mọ ohun tí òkè jẹ́ lójú Màmá Déọlá. Lọ́dọ̀ tiwa, Kristẹni tó bá ní òun ń lọ sórí òkè, kì í ṣe atẹ́gùn ló ń lọ gbà, àdúrà ló ń lọ gbà. Nígbà tí òun àti ọmọ rẹ̀ ń gbé nínú yàrá kan ṣoṣo ní ọ́sítẹ̀lì àwọn tó wá tọrọ ààbò, tí lẹ́tà ìjọba dé pé kí wọ́n máa palẹ̀ mọ́, òkè Howth ló sá lọ. Òun àti àwọn arábìnrin ìjọ a wọ bọ́ọ̀sì dé ibi tó parí sí, wọn a gun òkè tó kọjú sí òkun, wọn a sì ké pe Ọlọ́run títí ọ̀fun wọn á fi gbẹ. Òjò ń pa wọ́n, òtútù ń mú wọn, wọn ò dákẹ́. Nígbà tí ìwé ìgbélùú dé níkẹyìn, kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé lọ́yà ló ṣe é. Lọ́yà gbìyànjú o, àmọ́ orí òkè ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé náà, kí lọ́yà tó jí.

Gbogbo ìgbà yẹn ni Déọlá ń bẹ lẹ́yìn ìyá rẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n á ní kí ó pa ojú dé. Lọ́jọ́ kan, Màmá Déọlá ṣíjú díẹ̀ láàárín àdúrà, ó rí ọmọ náà tó dúró gbagidi, tó la ojú rẹ̀ kalẹ̀, tó ń wo ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ lókèèrè àti òdòdó yẹ́lò tó bo gbogbo ara òkè. Ó fọwọ́ kàn án lórí. "Déọlá, pa ojú ẹ dé." Ọmọ pa á dé. Nígbà tí ìyá tún ṣíjú, ojú ọmọ ti là. Báyìí ni wọ́n ṣe gun òkè yẹn fún ọdún mélòó kan, ìyá ń gbàdúrà, ọmọ ń wòran.

Déọlá dàgbà, ó kàwé, ó gba oyè, ó sì ríṣẹ́ kọ̀ǹpútà sí Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá sunkún díẹ̀, ó gbàdúrà púpọ̀, ó jẹ́ kí ó lọ. Gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn ni ọmọ ń pè é, bí ọ̀sẹ̀ bá sì ti parí ni fọ́tò ń wọlé sórí fóònù: òkè tí kò ní igi, tí àgùntàn ń jẹ káàkiri lórí rẹ̀, òṣòòrò omi tó ń já láti orí àpáta, ìlú kéékèèké tí òkúta ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ilé inú wọn, tí ọjà wọn ti ń ná láti ayé ọba tí orúkọ rẹ̀ kò sí lórí ahọ́n ẹnikẹ́ni mọ́. Ìdáhùn ìyá kì í yàtọ̀. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣé o ti jẹun?" Kò fi ìka fẹ àwòrán kan lójú rí. Ohun tó ń wá nínú fọ́tò ni bóyá ọmọ òun ń rù, àti bóyá ọkùnrin gidi kan dúró tì í, ọmọ Yorùbá, onígbàgbọ́, tó níṣẹ́ lọ́wọ́.

Nígbà tó ku oṣù méjì kí Màmá Déọlá pé ọgọ́ta ọdún, Déọlá pè é. Gẹ̀ẹ́sì Dublin rẹ̀ kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọdún tó ti lò ní Leeds.

"Mummy, no party, please. Come over to me for three days. Just the two of us. We'll go up the hills. There's something I want to show you."

Ẹ wo bí etí ṣe ń gbọ́ ohun tó wù ú. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọmọ sọ, "hills" nìkan ló wọ ìyá létí. Pé ní ọgọ́ta ọdún, ọmọ òun tí kì í pa ojú dé ló fẹnu ara rẹ̀ pe òun sórí òkè! Ó jó yí ilé ìdáná po. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó sọ fún Patience.

Patience ni alábàádúrà rẹ̀, ọmọ Sàpẹ́lẹ̀, tó ń gbé ní Rush, tó ń ṣiṣẹ́ lóko ẹ̀fọ́ níbẹ̀. Ènìyàn rere ni, ẹni tó lè bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ fún ọ. Àmọ́ bí Patience bá ń gbàdúrà, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ò wúlò, àwọn tó wà ní ilé kejì pàápàá á máa ṣe àmín.

"Sister Teju, you no fit go mountain alone," Patience wí. "Two dey better pass one."

Wọ́n fi ẹnu kò. Wọn ó gbààwẹ̀ lọ. Wọn ó dúpẹ́ fún ọgọ́ta ọdún, wọn ó gbàdúrà fún ẹsẹ̀ Patience tó máa ń wú, lẹ́yìn náà ni wọn ó wá kojú èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ, ìyẹn ọkọ Déọlá. Màmá Déọlá fúnra rẹ̀ ló la ọ̀rọ̀ àdúrà ìkẹta yẹn sílẹ̀ fún Patience, gbólóhùn kan lé òmíràn. Nítorí Déọlá ti sọ pé òṣòòrò omi wà níbẹ̀, wọ́n ra kẹ́ẹ̀gì méjì láti fi bu omi orí òkè bọ̀ wálé. Kò bi ọmọ léèrè bóyá kí Patience wá. Ó rò pé inú ọmọ á dùn bó bá kàn rí àwọn méjèèjì.

Ọkọ̀ ojú omi gbé wọn láti Dublin dé èbúté Holyhead. Déọlá ti wa mọ́tò wá pàdé wọn. Ó rí ìyá rẹ̀, ó sáré bọ̀. Ó rí Patience, ẹsẹ̀ rẹ̀ dẹ̀. Ó rí kẹ́ẹ̀gì méjèèjì tí wọ́n so pọ̀ mọ́ àpò bí ẹni tó ń lọ pọn omi lódò. Ó rẹ́rìn-ín.

"Aunty Patience. Ẹ káàbọ̀ mà. You're very welcome."

Ó gba ẹrù lọ́wọ́ wọn. Ìyá tó bí i mọ̀ pé ẹ̀rín ẹnu lásán ni, àmọ́ ó rò pé àárẹ̀ ọ̀nà ni.

Settle ni orúkọ ìlú tí Déọlá kó wọn lọ. Ọjọ́ ọjà wọn ni, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìlú náà kéré, àpáta ńlá kan sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá dúró ti ọmọ lẹ́yìn níbi ìyàwòrán. Àárín ìlú ni ọjà wà: wàràkàṣì róbótó róbótó, búrẹ́dì, apẹ̀rẹ̀, òdòdó inú ìkòkò, àwọn ìyá arúgbó tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú tí wọ́n ń béèrè ara àti ilé. Déọlá ń fi ọwọ́ tọ́ka sí èyí, ó ń fi ọwọ́ tọ́ka sí ìyẹn.

"Mummy, look at the old arches. Mummy, taste this."

"Ọmọ mi, a ó wò ó tí a bá ń bọ̀."

"Tí a bá ń bọ̀." Gbólóhùn yẹn ni Màmá Déọlá ń rántí jù lónìí, òun ló sì máa ń gún un láyà jù. Ohun gbogbo tí ọmọ fi hàn án lọ́jọ́ náà, ó ní àwọn ó wò ó tí àwọn bá ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ọjà ti tú, wọ́n ti ká àtíbàbà, ẹnì kan sì ń fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀.

Patience ní tirẹ̀ ti rí ìjà tirẹ̀. Lára ilé àtijọ́ kan níbẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ère ọkùnrin tó wà níhòòhò sí, tó fi pátákó òkúta kan bo abẹ́ ara rẹ̀. Ère náà ti wà níbẹ̀ kí baba ńlá ẹnikẹ́ni nínú wọn tó dáyé. Patience rekọjá sí òdìkejì títì, ó bá a wí ní orúkọ Jésù, àwọn ọlọ́jà sì ń wò ó. Màmá Déọlá rẹ́rìn-ín títí. Déọlá náà rẹ́rìn-ín, èyí tó ti ọkàn wá lọ́jọ́ náà kò ju ìyẹn lọ.

Déọlá ti gba àyè sílẹ̀ nílé tíì kan, lẹ́bàá fèrèsé, àga méjì. Ó ní kí wọ́n fi àga kẹta kún un. Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ dé, ìyá rẹ̀ gbá a lọ́wọ́ mú.

"A ń gbààwẹ̀, Déọlá. Ó di ìrọ̀lẹ́ ká tó ṣínu."

"On your birthday, Mummy?"

"Ọjọ́ ìbí gan-an ló yẹ kéèyàn gbààwẹ̀."

Déọlá wo abọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò fọwọ́ kan tirẹ̀ náà. Ó mu tíì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ojú fèrèsé. Lọ́kàn ìyá, ó dára bẹ́ẹ̀, ọmọ náà ti bá wọn gbààwẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n gun òkè. Ọ̀nà náà gba àárín ògiri òkúta tí wọn ò fi símẹ́ǹtì tò, tó gùn lọ títí ó fi dé ibi tí ojú ò tó. Orúnkún ń dun Màmá Déọlá, Déọlá sì dì í lọ́wọ́ mú láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó ń rọra rìn, kò kánjú. Níbi kan tí wọ́n dúró sí láti mí, Déọlá sún mọ́ ọn.

"Mummy, before we get to the top. There's someone I want you to..."

Patience tó wà níwájú ti gbé orin sókè. Màmá Déọlá gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́, ó ń lọ. Ó fi ọwọ́ pe ọmọ pé kí ó wá gbè é. Ohun tí Déọlá fẹ́ sọ kò jáde.

Lórí òkè, atẹ́gùn ń gbá ìró ìdí wọn. Wọ́n so gèlè le, wọ́n kọjú sí ara wọn, wọ́n pa ojú dé. Ohun tó wà láyìíká wọn lọ́jọ́ náà kò sẹ́ni tó lè bi Màmá Déọlá léèrè, kò rí i. Wọ́n dúpẹ́. Wọ́n gbàdúrà fún ẹsẹ̀ Patience. Wọ́n dé orí ìkẹta, Patience sì já ohùn sílẹ̀.

"Father, this girl husband, bring am come. Our own blood, our own people, born again. Any man wey no be our own, wey dey follow am for this England, Father, scatter am! Close him road!"

"Àmín!" ni Màmá Déọlá fi gbà á. Ẹ̀mí gbé e, ó gba àdúrà náà lẹ́nu Patience, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ tirẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ tó dúró níbẹ̀ lè gbọ́ ọ yékéyéké. "No stranger will marry my daughter! No stranger will call me mother! In Jesus' name!"

Nígbà tó la ojú, ó rí ọkùnrin òyìnbó kan tó dúró létí àpáta, tó ṣí fìlà, tó dì í mú mọ́ àyà. Bàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, kóòtù rẹ̀ ti gbó níbi ìgúnpá. Ó ti gbé fláàsìkì sórí òkúta, ó sì to ife mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó ti dé.

"Ta nìyẹn?"

Déọlá wo ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Déọlá ló dáhùn.

"This is Edwin. He knows the way."

Èwo ló tún kù? Amọ̀nà ni. Màmá Déọlá kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó pè é ní "my son," ó súre fún un, ó sì ṣàlàyé pé nítorí ààwẹ̀ ni àwọn ò ṣe ní mu tíì rẹ̀. Edwin da tíì sínú ife kan fún Déọlá. Déọlá gbà á, ó dì í mú mọ́ àyà, ìyá rẹ̀ sì bọ́ ìborùn tirẹ̀ fún un nítorí òtútù.

Edwin ló mú wọn dé ibi òṣòòrò omi. Wọ́n gbọ́ ìró rẹ̀ kí wọ́n tó rí i. Kí ni Màmá Déọlá rí níbẹ̀? Ẹnu kẹ́ẹ̀gì ló rí. Ó bu omi kún méjèèjì, ó gbé ọwọ́ lé wọn, ó tún pa ojú dé. Nígbà tó parí, ó gbé kẹ́ẹ̀gì méjèèjì lé Edwin lọ́wọ́. Ọkùnrin náà gbà wọ́n. Ó ru omi náà gba orí òkúta, gba inú ẹrẹ̀, títí dé ibi tí mọ́tò wà, Patience sì ń yìn ín lẹ́yìn.

"These people sabi work o."

Níbi mọ́tò, lẹ́yìn tó gbé omi sílẹ̀, Edwin wá dúró síwájú Màmá Déọlá. Ó fi ọwọ́ fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè díẹ̀ níbi orúnkún, bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà. Ó wo Déọlá. Déọlá mi orí, bẹ́ẹ̀ kọ́. Edwin nàró padà. Màmá Déọlá rò pé ọkùnrin náà ń retí nǹkan, ó sì mú ọ̀rá ìpápánu ṣinṣín kan nínú àwọn tó dín wá, ó fún un. Ọwọ́ méjèèjì ni Edwin fi gbà á, ó sì tẹrí ba. Ìyẹn ya ìyá lẹ́nu. Nínú mọ́tò, ó ní, "Ọmọ yẹn ní ẹ̀kọ́ ilé o. Ta ló kọ́ ọ?" Déọlá tẹjú mọ́ ọ̀nà, ó ń wakọ̀ lọ.

Wọ́n padà sí Dublin. Màmá Déọlá gbé omi sínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, èyí tí Déọlá máa ń pè ní press láti kékeré. Láràárọ̀ ló ń bu díẹ̀ nínú rẹ̀, tó ń wọ́n ọn sí yàrá tí Déọlá ń sùn tẹ́lẹ̀, tó sì ń tọrọ ọkọ fún un. Ọmọ ṣì ń pè lọ́jọ́ Àìkú, àmọ́ ìpè náà ti kúrú. Fọ́tò òkè kò wọlé mọ́. Bí ìyá bá béèrè, "Kí ló ṣẹlẹ̀?", "I'm grand, Mummy" ni yóò gbọ́, ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ Dublin máa ń fi dáhùn bí wọn ò bá fẹ́ kí ẹ béèrè síwájú. Ìyá mọ̀ pé nǹkan kan ti bàjẹ́. Kò mọ ohun tó jẹ́, nítorí náà ó fi kún àdúrà.

Ọdún tuntun ti wọlé dáadáa nígbà tí Déọlá pè é ní ọjọ́ kan tí kì í ṣe Àìkú.

"Mummy, I got married on Saturday."

Orí àga ilé ìdáná ni Màmá Déọlá wà. Ó ní, "O ṣe kí ni?"

"At the registry. It was only small."

"Ta ni? Déọlá, ta lo fẹ́?"

"You met him, Mummy. He carried your water."

Kọ́bọ́ọ̀dù náà wà níwájú ìyá, ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kẹ́ẹ̀gì kan ti tán, ọ̀kan sì kù. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Omi tó fi ń tọrọ ọkọ fún ọmọ láràárọ̀, ọkọ ọmọ ló rù ú sọ̀kalẹ̀ fún un.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Déọlá, èmi ìyá ẹ. Kí ló dé?"

"I was going to. It was meant to be you and me, and then him at the top." Déọlá kò pariwo, kò sunkún, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ti sọ ọ́ fún ara rẹ̀ nígbà púpọ̀. "He was practising for weeks, Mummy. In the sitting room. Flat on his belly, the whole lot. I taught him what to say. 'Ẹ kú ọjọ́ ìbí, mà.' He had it perfect. And then he came up and he heard you."

Màmá Déọlá rántí ọwọ́ tó fa ṣòkòtò sókè níbi orúnkún. Ó rántí ọmọ tó mi orí. Ó gbé fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì láìpa á, ó fi ọwọ́ bo ojú. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó ti gba àdúrà púpọ̀ tí kò tíì rí ìdáhùn rẹ̀, ìyẹn kò dùn ún tó báyìí. Èyí tó ti ẹnu rẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà, Ọlọ́run kò gbà á, àmọ́ ọmọ rẹ̀ gbọ́ ọ, ọkọ ọmọ rẹ̀ sì gbọ́ ọ.

Nígbà tó sọ ọ́ fún Patience, ìyẹn bú sẹ́kún láàárín ọjà Moore Street, níwájú ìsọ̀ oníṣu. "Sister Teju, na my mouth cause am."

"Rárá o. Èmi ni mo kọ́ ẹ lóhun tí o máa sọ."

Kò sì purọ́. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú péjọ, wọn ò rí oògùn àbámọ̀ ṣe. Ó pe Déọlá léraléra, ó bẹ̀ ẹ́, ó ní kí ó fún Edwin ní fóònù. Edwin gbà á, ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní kò sí wàhálà. Bí wọ́n ṣe ń bá òṣìṣẹ́ báńkì sọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Lọ́dún yìí, Màmá Déọlá gba ìsinmi níbi iṣẹ́, ó sì lọ bá wọn fúnra rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Òun nìkan ló lọ, kò gbààwẹ̀, kò gbé kẹ́ẹ̀gì. Ó ra iṣu kan tó gbó ní Moore Street, ó sì ní kí télọ̀ ran fìlà kan fún Edwin. Ọkọ̀ ojú omi gbé e, ọkọ̀ ojú irin gbà á, ó ń wo ìta láti ojú fèrèsé jálẹ̀ ọ̀nà. Ó wo òkè, ó wo àgùntàn, ó wo ògiri òkúta wọ̀nyẹn. Déọlá ti sọ fún un lórí fóònù pé iṣẹ́ Edwin nìyẹn, àwọn ògiri bẹ́ẹ̀ ló ń tún ṣe bí wọ́n bá wó. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ló ti gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lọ́jọ́sí, kò wo ọ̀kan.

Ilé wọn kò jìnnà sí ọjà Settle, ilé òkúta kékeré tó ní ìlẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. Edwin ló ṣílẹ̀kùn. Ó ti gé irun rẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́. Màmá Déọlá dúró lójú ọ̀nà pẹ̀lú iṣu rẹ̀, kò sì mọ̀ pé orúnkún ọkùnrin náà ni òun ń wò, àfi ìgbà tó di pé orúnkún náà kò tẹ̀.

Edwin na ọwọ́ sí i.

"You're welcome, Mrs Fẹ̀yíjìmí," ó wí. Ó pe orúkọ ìdílé náà dáadáa, bó ṣe yẹ kí wọ́n pè é.

Màmá Déọlá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọwọ́ náà le, ó sì gbóná. Kò sí ìwà àìdáa kan nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kí àlejò ní ilẹ̀ wọn. Edwin gba iṣu àti àpò lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé wọn wọlé. Ó dúpẹ́ fún fìlà náà, ó dé e, ó bá a mu, ó sì rọra ká a sórí pẹpẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ síbi òṣòòrò omi. Wọ́n gba àárín ọjà kọjá, Màmá Déọlá sì dúró níbi gbogbo. Ó tọ́ wàràkàṣì wò. Ó wo ọkùnrin oníhòòhò ara ògiri, ó ní kí Déọlá ya òun ní fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀ kí òun fi ránṣẹ́ sí Patience. Déọlá rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́ nítorí ẹ̀rín yẹn.

Níbi omi, ó jókòó sórí òkúta. Ó ti wá síbí rí, kò sì mọ ibẹ̀. Omi náà kì í já lẹ́ẹ̀kan. Ó ń já lórí àpáta kan, ó ń dúró bí ẹni ń ronú, ó tún ń já lórí òmíràn, ó ń fọ́nká, ó ń funfun, èéhù tútù yọ láàárín òkúta níbi tí kò yẹ kí ohunkóhun lè hù. Igi bo ibẹ̀ lókè, oòrùn ń gba àárín ewé wọlé. Ó dára púpọ̀. Bí ó ṣe dára tó ló ń bà á nínú jẹ́.

"You can pray if you want, Mummy," Déọlá wí. "We don't mind."

"Rárá. Mo fẹ́ wò ó."

Déọlá jókòó tì í. Fún ìgbà pípẹ́, ìyá àti ọmọ wo ohun kan náà. Edwin ti lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń da tíì láti inú fláàsìkì sínú ife. Màmá Déọlá rọra fi ejìká kan ọmọ rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, kí ó lè jẹ́ láàárín àwọn méjì.

"Déọlá. Sọ fún un pé, nǹkan yẹn tó kọ́... tó bá ṣì wù ú láti ṣe é, mo wà níbí. Mi ò ní pa ojú dé."

Déọlá wo ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀. Ó tún wo omi. Ó gba ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó dì í mú.

"Ah, Mummy. Sure he's forgotten it. It's grand."

Edwin bọ̀ wá, ó gbé ife tíì kan dání tí èéfín ń jáde lórí rẹ̀. Ó nà án sí ìyá ìyàwó rẹ̀. Màmá Déọlá dìde lórí òkúta, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.